Oògùn Méjì Nínú Ìkòkò Kan: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdánwò Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ àti Ti Ọ̀nà Òróòro

  

Ẹ̀kọ́ ti òní wúwo díẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sí etí àwọn tí kò lè kàwé nínú ilé yín. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, àti ti jẹjẹrẹ tí ń mú ọ̀nà òróòro, àti bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń da oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti bá wọn jà. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ nìyí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn wọlé tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àdúgbò kan náà ni a jọ ń gbé, èmi ni mo sì gbẹ̀bí méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tí ó fi bú sẹ́kún.

Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ fi àbúrò mi dánrawò ní Lọ́ńdọ́nù!"

Mo fún un ní omi mu, mo sì ní kí ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí ti lé ní ọdún 25 ní ìlú òyìnbó, níbi tí ó ti ń wa bọ́ọ̀sì. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í hún un láìsí èélá. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin adìyẹ, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n bá jẹjẹrẹ ní ọ̀nà òróòro, ó sì ti tàn kọjá ibi tí a lè fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Àwọn dókítà wá bi í bí ó bá fẹ́ wà lára àwọn tí a ó fi dán oògùn kan tí wọ́n ń fi kún oògùn àtijọ́ wò.

Ní ilé níhìn-ín, ẹbí ti pe ìpàdé. Olórí ẹbí ní kí ó máa bọ̀ wálé, pé bàbá kan wà tí ń fi egbò igi méje wo ohunkóhun tí ó bá ń ṣe ẹ̀dọ̀. Ìyá yìí kò mọ èwo ni kí òun ṣe. Ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Mà. Ṣé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ fún un ni, tàbí ẹran ìdánwò ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

Àbúrò rẹ̀ ti fi ìwé tí wọ́n fún un ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo wọ awò ojú mi, a sì jọ kà á títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi lù. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ fún yín.

ẸNI TÍ A Ń PÈ NÍ Ẹ̀DỌ̀ ÀTI ÒRÓÒRO

Gbogbo ìyá ilé tí ó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń kun ewúrẹ́ mọ ẹ̀dọ̀, ó sì mọ àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Òróòro nìyẹn. A máa ń rọra yọ ọ́, nítorí bí ó bá bẹ́, gbogbo ẹ̀dọ̀ náà ti korò nìyẹn. Bákan náà ni ó rí nínú ènìyàn. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wa wà. Òun ni ń sẹ́ májèlé inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ni ń pọn omi òróòro. Omi yìí ń gba àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín lọ sínú ìfun, láti bá wa da epo àti ọ̀rá inú oúnjẹ.

Bí ohun kan bá dí ọ̀nà yìí, omi òróòro kò ríbi gbà, yóò sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ojú fi ń pọ́n, tí ìtọ̀ ń dúdú, tí ìgbẹ́ ń funfun bí amọ̀, tí ara sì ń hún ènìyàn.

Oríṣi jẹjẹrẹ méjì ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Èkíní ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, àrùn mẹ́dọ̀wú tí a ń pè ní hẹpatáítìsì B sì wà lára ohun tí ń fà á jù lọ. Èkejì ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà òróòro. Ó wọ́pọ̀ gidigidi ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Thailand, nítorí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn ẹja odò tútù tí a kò sè, aràn kan sì wà nínú ẹja náà tí ń lọ tẹ̀dó sí ọ̀nà òróòro fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Olè tí ń fi ẹsẹ̀ palẹ̀ rìn ni àwọn méjèèjì. Bí a bá tètè rí wọn, iṣẹ́ abẹ lè mú wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a kì í rí títí wọn yóò fi tàn. Nígbà náà, oògùn ni ó kù tí a lè fi bá wọn jà.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ wo oògùn ibà tí ẹ ń rà lónìí, èyí tí ń jẹ́ artemether-lumefantrine. Oògùn méjì ni a lẹ̀ pọ̀ nínú hóró kan. Èkíní ń yára pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ara. Èkejì kò yára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nínú ara láti gbá ìyókù mọ́. Bí a bá lo ọ̀kan ṣoṣo, kòkòrò tí ó bá ṣẹ́kù lè kọ́ bí yóò ti máa yẹ̀ ẹ́.

Èrò kan náà ni ó wà nídìí dída oògùn jẹjẹrẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá dà pọ̀ ni ń dára. Oògùn tí ó lè pa jẹjẹrẹ lè pa ohun rere mọ́ ọn. Oògùn kan tí ń jẹ́ cisplatin lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú kí etí máa ré. Bí a bá da méjì pọ̀, ìpalára wọn lè di méjì kí èrè wọn má sì kúrò ní ẹyọ kan. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ̀dọ̀ ni ń ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ oògùn tí a bá gbé mì. Ẹ̀dọ̀ tí ń ṣàìsàn kò lágbára láti ru ẹrù tí ẹ̀dọ̀ tí ó le lè rù. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu sọ pé oògùn méjì sàn ju ọ̀kan lọ. A níláti dán an wò.

Mo bi ìyá yìí pé, "Bàbá tí ó ní egbò igi méje yẹn, nínú méjèèje, èwo ni ó ń ṣiṣẹ́? Èwo ni ó kàn ń tẹ̀lé wọn? Èwo ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́? Ènìyàn mélòó ni ó mu ún, mélòó ni ó kú, ta ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀?" Ó mi orí. Èmi kò bú ewé àti egbò o. Ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó láti inú ewé ni ó ti wá. Ohun tí mo ń wí ni pé oògùn tí a kò kà, tí a kò wọ̀n, kò sí ẹni tí ó lè dúró fún un.

ÀTẸ̀GÙN MẸ́TA

Lẹ́yìn tí a bá ti dán oògùn wò lára ẹranko, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni yóò gùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.

Ní àtẹ̀gùn kìíní, ènìyàn díẹ̀ ni a fún. Ohun tí a ń wá ni ìwọ̀n tí ara lè gbà.

Ní àtẹ̀gùn kejì, àwọn ènìyàn pọ̀ díẹ̀ sí i. A ń wò ó bóyá àrùn náà ń fà sẹ́yìn.

Ní àtẹ̀gùn kẹta, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni. A ó pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ìtọ́jú tuntun, àwọn kan gba ìtọ́jú tí ó dára jù tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kèké ni a fi ń pín wọn, kì í ṣe ojú dókítà. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún dókítà, àánú tàbí ìfẹ́ orúkọ lè mú kí ó kó àwọn tí ara wọn ṣì le sí ìhà oògùn tuntun, a ó sì rò pé oògùn ni ó ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, àti aláìsàn àti dókítà kì í mọ ìhà tí ẹnikẹ́ni wà títí ìdánwò yóò fi parí.

Ìyá yìí fò dìde níbi tí mo dé yìí. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀! Wọ́n ó fún àwọn kan ní omi lásán kí wọ́n lè kú!"

Mo ní kí ó jókòó. Nínú ìwé àbúrò rẹ̀, olúkúlùkù ni yóò gba oògùn tí a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ ni a ó wá fi oògùn tuntun kún fún àwọn kan, tàbí omi lásán fún àwọn kan. Kò sí ẹni tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú. Àwọn ìgbìmọ̀ kan sì wà tí wọn kì í ṣe ara àwọn dókítà náà, tí wọ́n ń wo ìṣirò láti ìgbà dé ìgbà. Bí oògùn tuntun bá ń pa ènìyàn lára jù, wọ́n lè dá a dúró. Ní orílẹ̀-èdè wa náà, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń lò fún ìwádìí.

OHUN TÍ ÌDÁNWÒ TI FI HÀN WÁ

Fún ọ̀nà òróòro, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn méjì ni wọ́n mú: gemcitabine àti cisplatin. Gemcitabine dà bí ayédèrú búlọ́ọ̀kù: jẹjẹrẹ ń mú un kọ́lé láìmọ̀, ilé náà kò sì lè ga sí i. Cisplatin ní tirẹ̀ ń so okùn ìwàláàyè inú jẹjẹrẹ pọ̀ ní kókó, tí kò fi lè pín ara rẹ̀ sí méjì mọ́. Ènìyàn 86 ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó fi ìrètí hàn, wọ́n fi 324 kún un, ó di 410. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Àwọn tí ó gba gemcitabine nìkan lo oṣù 8.1, àwọn tí ó gba méjèèjì lo oṣù 11.7. Lẹ́yìn èyí ni àkànpọ̀ méjèèjì di ìtọ́jú tí gbogbo ayé tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ìṣirò yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣì í gbọ́. Ẹ to aláìsàn 100 sí ìlà, láti orí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú jù dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pẹ́ jù. Ẹni tí ó wà ní àárín ìlà ni iye oṣù náà ń bá wí. Ìdajì wọn kò dé ibẹ̀, ìdajì sì kọjá rẹ̀, àwọn mìíràn kọjá rẹ̀ jìnnà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka oṣù sí aláìsàn lórí.

Ní ọdún 2022, àbájáde ìdánwò mìíràn jáde, èyí tí Dókítà Do-Youn Oh ti ilẹ̀ Kòríà ṣíwájú rẹ̀. Ènìyàn 685 ni. Wọ́n fi oògùn kẹta, durvalumab, kún gemcitabine àti cisplatin. Oògùn yìí kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Jẹjẹrẹ a máa da aṣọ bora kí àwọn ọmọ ogun ara má baà dá a mọ̀. Durvalumab ń bá wọn ṣí aṣọ náà. Ẹni àárín ìlà lo oṣù 12.8, ti ìhà kejì lo oṣù 11.5. Ẹ lè ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2 pé, nínú àwọn tí ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí 25 nínú 100 ni ó ṣì wà láàyè. Nínú àwọn ìyókù, bí 10 nínú 100 ni.

Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, láti ọdún 2007 ni a ti ń lo hóró oògùn kan tí ń jẹ́ sorafenib. Ní ọdún 2020, ìdánwò kan tí ènìyàn 501 wà nínú rẹ̀ fi sorafenib wé àkànpọ̀ atezolizumab àti bevacizumab. Atezolizumab ni ń ṣí aṣọ lára jẹjẹrẹ. Bevacizumab ń dí i lọ́wọ́ láti hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí yóò máa bọ́ ọ. Nígbà tí ọdún 1 pé, bí 67 nínú 100 ni ó wà láàyè ní ìhà oògùn méjì, àti bí 55 nínú 100 ní ìhà sorafenib. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n gbà sínú ìdánwò náà. Wọ́n sì kọ́kọ́ wo ọ̀nà ọ̀fun wọn bóyá iṣan ibẹ̀ ti wú, nítorí bevacizumab lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò yọrí sí rere, nítorí òun náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn kẹta tí ń jẹ́ nab-paclitaxel kún gemcitabine àti cisplatin fún jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro. Ìdánwò kékeré tí ó ṣáájú dùn létí púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 441, àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2023 kò fi hàn pé ó mú ẹ̀mí gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó sì pa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lára sí i. Bí a kò bá dán an wò ńkọ́? À bá máa fún gbogbo ayé ní ìyà tí kò ní èrè.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ BÈÈRÈ

Bí a bá pe ẹni yín sí irú ìdánwò yìí, níbikíbi tí ó wà, kí ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. Àtẹ̀gùn wo ni ìdánwò náà wà?

2. Bí n kò bá wọ inú rẹ̀, ìtọ́jú wo ni n ó gbà?

3. Oògùn wo ni àwọn tí kèké kò mú yóò gbà?

4. Ìpalára wo ni ẹ ti rí, ta ni n ó sì pè ní òru bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí mi?

5. Ta ni yóò san owó oògùn, ti àyẹ̀wò, àti ti ìtọ́jú bí mo bá farapa?

6. Ǹjẹ́ mo lè jáde nígbàkígbà láìsí ìbínú? Bí wọ́n bá ní rárá, kí ẹ sá.

Ẹ má sì ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Bí aláìsàn bá ń mu ún, kí ó wí. Àgbo tí kò ṣe nǹkan lára ẹni tí ara rẹ̀ le lè bá oògùn jà nínú ẹ̀dọ̀ tí ó ti rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ilé tà nítorí oògùn olówó gọbọi, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ohun tí owó náà yóò rà. Ìtura ni, tàbí oṣù díẹ̀, tàbí ìwòsàn? Kì í ṣe ahun ni ẹni tí ó bá bèèrè. Ọmọ aláìsàn náà yóò jẹun lọ́la.

ÌGBẸ̀YÌN Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ALÁṢỌ

Àbúrò rẹ̀ bèèrè àwọn ìbéèrè náà, ó sì wọ inú ìdánwò. A kò mọ̀ títí dòní ìhà tí kèké mú un sí. Àwọn dókítà kọ́kọ́ fi ọ̀pá tín-ín-rín la ọ̀nà òróòro rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́, ara sì yé hún un. Ó lo ọdún 1 àti oṣù 4. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jókòó. Lẹ́yìn èyí ni ó sùn. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run ké e.

Nígbà tí mo lọ kí i kú ọ̀fọ̀, ìyá yìí wí fún mi pé, "Mà, wọn kò fi í ṣe ẹran. Òun ni ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó ní bí kò bá wúlò fún òun, yóò wúlò fún ẹlòmíràn." Èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ fi kún un.

Jẹjẹrẹ kì í ràn. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo ilé rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò hẹpatáítìsì B, bí mo ti ń bẹ gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ ní i, kò sì sí ohun kan tí ń dùn ún. Lónìí ó ń lo oògùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fàmẹ́fà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nítorí náà:

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún hẹpatáítìsì B. Kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá rìn, àti ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Ẹ má ṣe lo abẹ fífárí kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí a bí i, kí ẹ sì parí èyí tí ó kù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà nínú abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Taiwan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1984. Kí ọdún 1994 tó parí, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 ti dín kù tó ìdajì.

Ẹ da ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bá ti bu nù. Májèlé inú rẹ̀ kì í kú nínú ìkòkò, ọ̀tá ẹ̀dọ̀ sì ni. Ẹ dín ọtí kù.

Bí ojú bá pọ́n, bí ìtọ̀ bá dúdú, bí ìgbẹ́ bá funfun, ẹ má ṣe ní ibà lásán ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà má ṣe parí kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjà àìsàn.